Ìjà tí ó Bá Ikọ̀ West Indies Rìn dé Gúúsù Áfíríkà

Láti ọdún 1980 títí di 1995, kò sí orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ ọ̀run tí ó borí ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies nínú ọ̀wọ́ ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn odi. Ìgbà náà ni ìgbà Viv Richards ọmọ Antigua, akin tí kì í dé akoto kojú bọ́ọ̀lù oníná. Ìgbà náà ni ti Michael Holding ọmọ Jàmáíkà, arìn-má-dún, tí adájọ́ orí pápá pàápàá kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ń sáré bọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù. Ní 1984, wọ́n lọ bá Gẹ̀ẹ́sì tí ó mú eré náà wá sí erékùṣù wọn, wọ́n sì nà án lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú márùn-ún lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí inú fi ń bí àwọn ará West Indies tó bẹ́ẹ̀ lónìí sí ìṣubú ikọ̀ wọn. West Indies kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Àwọn erékùṣù kéékèèké ni, pẹ̀lú Guyana tí ó wà lórí ilẹ̀ ńlá, olúkúlùkù pẹ̀lú àsíá àti ìjọba tirẹ̀. Ọmọ àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà àti ọmọ àwọn alágbàṣe ilẹ̀ Íńdíà ni púpọ̀ nínú wọn (ẹ̀jẹ̀ tiwa náà wà níbẹ̀, nítorí pé ní Trinidad wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó), ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ sì ni ó ń mú wọn fi ohùn kan sọ̀rọ̀ létí ayé. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni ó ga jù nínú wọn.

Nítorí náà ni ìrìnàjò ikọ̀ náà ní ọdún 1998 sí Gúúsù Áfíríkà ṣe wúwo ju ìdíje lọ. Ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ṣì ń fi irin gbígbóná jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú níyà, àwọn eléré West Indies kan gba owó lọ ṣeré níbẹ̀ lọ́nà àìtọ́, ilé sì fi òfin dè wọ́n títí ayé. Richards kọ owó náà. Ní 1998 yìí tí Mandela ti jẹ ààrẹ, ikọ̀ tòótọ́ ń bọ̀ fún ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sì ń retí wọn bí a ti ń retí ọmọ tí ó ti òkè òkun bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìjà owó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn eléré, tí Courtney Walsh jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, àti ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso eré. Wọ́n forí mú sí hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì gbéra, àwọn tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Gúúsù Áfíríkà sì padà lọ bá wọn níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yọ Brian Lara nípò balógun, ó yọ igbákejì rẹ̀ Carl Hooper pẹ̀lú, kò sì pẹ́ tí ó tún dá àwọn méjèèjì padà. Èwo ni kí a pe irú àkóso bẹ́ẹ̀? Aláṣẹ tí ó lé balógun lónìí, tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́la, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àṣẹ di yẹ̀yẹ́, ọmọ ogun tí ó sì wo èyí lójú kò tún ní bẹ̀rù ẹnìkan mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé, ìdíje kìíní ní Johannesburg ṣì súnmọ́ra díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Allan Donald àti Shaun Pollock, àwọn ajubọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà, tú wọn ká. Nígbà tí wọn yóò fi dé Centurion fún ìdíje karùn-ún, 351 ni ayò tí àwọn onílé fi ta wọ́n yọ. Márùn-ún sí òdo ni àpapọ̀ rẹ̀, nínú ìdíje ọlọ́jọ́ kan méje sì rèé, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí mú. Lóòótọ́, àwọn ajubọ́ọ̀lù West Indies, Walsh àti Ambrose, ti ń dàgbà, kò sì sí àwọn ọ̀dọ́ tó yanrantí lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ilé-ìgbìmọ̀ ni ògiri yìí sì ti kọ́kọ́ lanu.

Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ìjà kan náà tún bẹ́ ní Íńdíà: ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ní Dharamsala, ikọ̀ West Indies fi ìrìnàjò sílẹ̀ lágbedeméjì nítorí owó, Íńdíà sì béèrè owó ìtanràn tí ó tó mílíọ̀nù 42 dọ́là. Ní àkókò yìí, ìdíje kúkúrú ti Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ti ń fi owó gọbọi fa àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ìbá dúró ṣeré ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Ẹ̀bùn kò wọ́n wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Shamar Joseph, ọmọ abúlé Baracara ní Guyana, tí wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù bà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, jáde sí pápá ní Brisbane, ó lé ènìyàn méje jáde nínú eré, West Indies sì fi ayò mẹ́jọ borí Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2025, ní Kingston, ayò 27 péré ni gbogbo ikọ̀ náà rí kó jọ níwájú Ọsirélíà kan náà. Ìgbìmọ̀ pe àwọn àgbà eléré, Clive Lloyd, Richards àti Lara, sí ìpàdé pàjáwìrì, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ owó ni ó yẹ kí ó ṣíwájú níbẹ̀: títí tí owó oṣù eléré ọlọ́jọ́ márùn-ún yóò fi tó gbọ́ bùkátà ilé, kò sí àgbà tí yóò lè fi ìtàn ọdún 1984 dá ọmọ Baracara dúró nígbà tí Íńdíà bá ń pè é.