Àpótí ẹja tó ń jò: Oríkèé páìpù ni èrè pílọ́ńbà ń gbà sá lọ

Ní Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti pààlà, oníṣẹ́ ọwọ́ kì í jìnnà sí oníbàárà tó lówó lọ́wọ́. Àwọn ọ́fíìsì àti ilé ńláńlá Àpápá wà lápá kan. Lápá kejì, ní Ajégúnlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀, ni àwọn pílọ́ńbà, wẹ́dà àti káfíńtà ti ń jáde láàárọ̀. Ẹni tó ń so páìpù ilé ìwẹ̀ lónìí lè bá iṣẹ́ mìíràn pàdé lọ́la: kí ọ̀gá kan ní òun fẹ́ àpótí onígíláàsì tí ẹja aláràbarà yóò máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní aquarium, pẹ̀lú pọ́ńpù àti táńkì tó ń sẹ́ omi lábẹ́ rẹ̀. Owó wà nídìí iṣẹ́ náà. Àmọ́ owó ọ̀hún lè bá omi lọ.

Ẹ wò ó. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 45, ń gba omi lítà 243, ìyẹn bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́wàá. Bí oríkèé páìpù kan bá ń kán ẹ̀kán kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, omi tó máa jáde lọ́jọ́ kan yóò lé ní lítà 4. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ. Orí kápẹ́ẹ̀tì oníbàárà ló sì ń dà sí, nítòsí wáyà iná. Kí pílọ́ńbà tó wọkọ̀ padà lọ, kó tú páìpù, kó ra òmíràn, owó iṣẹ́ ti tán. Bí wọ́n bá tún ní kó san owó kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo gbogbo àìsàn. Gọ́ọ̀mù PVC kì í lẹ nǹkan pọ̀ bí àtè. Ńṣe ló ń yọ́ ara páìpù àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan bó bá gbẹ. Ìdí nìyẹn tí páìpù tí wọ́n gé wọ́gọwọ̀gọ, tí omi tàbí epo sì wà lára rẹ̀, kò fi ní mú. Kí wọ́n gé e gún, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha etí rẹ̀, kí wọ́n nù ún gbẹ. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, kí wọ́n tì í dé ìdí, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n sì dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, torí ó máa ń fẹ́ ti ara rẹ̀ jáde. Kò ṣiṣẹ́ fún páìpù PPR o, iná ni wọ́n fi ń yọ́ ìyẹn pọ̀.

Ìkánjú ló ń ba ti gọ́ọ̀mù jẹ́ jù. Oníbàárà dúró, ó fẹ́ rí omi, wọ́n sì tan pọ́ńpù kó tó gbẹ. Pílọ́ńbà tó gbọ́n yóò ti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń dúnàá dúrà pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, yóò sì gba owó ọjọ́ méjì.

Ibi tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, téèpù funfun ló ni ibẹ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. (Èèṣì ni Roy Plunkett, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, fi rí PTFE tí wọ́n fi ń ṣe téèpù yìí lọ́dún 1938, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí gáàsì fíríìjì.) Apá ibi tí wọ́n máa yí i sí láti dè é ni kí wọ́n wé e sí, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tú níbi tí wọ́n ti ń dè é. Kí wọ́n má sì fi agbára sípánà ṣe rọ́bà. Èyí tí wọ́n dè jù lè má là lójú ẹsẹ̀, kó jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò là, nígbà tí wọ́n ti náwó iṣẹ́ tán.

Ihò tí wọ́n lu sára gíláàsì tún yàtọ̀. Wáṣà rọ́bà ló ń dí omi níbẹ̀, téèpù kò wúlò. Kí wáṣà náà wà láàárín gíláàsì àti etí fífẹ̀ tankconnector, kí wọ́n sì fi ọwọ́ dè é, kí sípánà kàn fi díẹ̀ kún un. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le kò ṣeé lu rárá, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ ni.

Sílíkóònù ńkọ́? Ara gíláàsì ló ti ń mú dáadáa, kì í lẹ̀ mọ́ PVC tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ hu sí, tí wọ́n ń tà fún ilé ìwẹ̀, lè pa ẹja. Òfin kan náà ló de àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ sínú táńkì lẹ́yìnkùlé.

Ó ku ìdánwò. Apá ibi tí pọ́ńpù ti ń fa omi lè má kán rárá, kó jẹ́ atẹ́gùn ló ń fà wọlé; ariwo pọ́ńpù àti àwọn rọ́ńdọ́rọ́ńdọ́ atẹ́gùn inú omi ló máa tú àṣírí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa iná fúnra wọn. Bí iná bá lọ, omi inú páìpù àti díẹ̀ nínú ti àpótí yóò ṣàn padà sínú táńkì ìsàlẹ̀. Bí táńkì náà bá ti kún tẹ́lẹ̀, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, oníbàárà yóò sì máa pariwo pé oríkèé ló ń jò. Nílùú tí iná ti ń lọ nígbàkigbà, ìdánwò yìí kò ṣeé fò.

Kí wọ́n wá fi tíṣù gbígbẹ yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n sì fi pọ́ńpù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tíṣù tó bá tutù láàárọ̀ yóò fi ojú ibẹ̀ hàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja.