Kòkòrò kékeré gba odò là

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dé etí odò Ouémé, ẹ ó rí ewé kan tí ó léfòó lórí omi. Kì í ṣe ojúoró. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, ó sì dára láti wò. Ọ̀pá ewé náà wú, afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í rì. Ní èdè Faransé, jacinthe d'eau ni orúkọ rẹ̀.

Ewé yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Nígbà tí ó dé odò wa, kò sí kòkòrò kan tí yóò jẹ ẹ́. Ó ń pọ̀ sí i títí ó fi bo ojú omi bí ẹní. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Àwọ̀n há. Bí bàbá kò bá rí ẹja pa, kí ni ìyá yóò tà lọ́jà? Kí ni wọn yóò fi ra ìwé fún ọmọ?

Àwọn ènìyàn fi ọwọ́ tu ewé náà. Láìpẹ́, ó tún kún omi.

Àwọn onímọ̀ wá béèrè pé: «Kí ni ó ń jẹ ewé yìí ní ilé rẹ̀?» Wọ́n rí kòkòrò kan níbẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì. Kòkòrò náà ń jẹ ojú ewé. Ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ ihò sínú ọ̀pá ewé. Ewé náà á jẹrà, á sì rì.

Ṣé wọ́n kàn dà á sínú odò ni? Rárá. Bí ó bá lọ jẹ oúnjẹ oko wa ńkọ́? Wọ́n kọ́kọ́ fi oríṣiríṣi ewé dán an wò. Wọ́n rí i pé ewé omi yìí ni oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí IITA ní Abomey-Calavi bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú omi ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ewé náà kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù gan-an. Àwọn apẹja tún rí ibi na àwọ̀n sí.

Àwọn àgbà ní: bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ rántí: ẹ má ṣe da ewé tàbí ẹja àjèjì sínú odò. Ohun tí ó dára nínú ìkòkò lè di ìyọnu nínú odò.

Ìbéèrè
1. Kí ni kì í jẹ́ kí ewé náà rì?
2. Kí ni ọmọ kòkòrò náà ń ṣe sí ọ̀pá ewé?
3. Kí nìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ dán kòkòrò náà wò?