Owó Inú Agolo: Bí A Ṣe Ń Ta Owó Àtijọ́ Tí A Fi Ọjọ́ Ayé Kó Jọ

Ọ̀rọ̀ owó ni mo mú wá fún yín lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí a fi ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Owó tí ọjà kò gbà mọ́ ni, síbẹ̀ tí àwọn kan ń wá kiri láti rà.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa ní Bàríga, ní apá ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni bàbá yìí ṣe ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dá, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà èwe ló ti ń kó owó onírin jọ. Nígbà tí a pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1973, tí a gba náírà àti kọ́bọ̀ tuntun, tí oníkálukú ń kó ṣílè rẹ̀ lọ sí báńkì, òun ń tọ́jú tirẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì. Agolo náà di mẹ́rin.

Ní ọdún tó kọjá, dókítà sọ fún bàbá pé ojú rẹ̀ méjèèjì ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ dá owó jọ, kò pé. Ni bàbá bá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, láti ìgbà èwe ni mo ti ń tọ́jú owó yìí. Ó tó gẹ́ẹ́ kí òun náà tọ́jú mi." Alágbẹ̀dẹ fàdákà kan sì ti wá bá a ṣáájú mi. Ó ní kí bàbá da agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n, kí òun san iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì dá a lóhùn." Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò mọ iye ẹran tó wà nínú agbo rẹ̀ kò lè mọ̀ bí ẹni tó ń rà á bá ń rẹ́ òun jẹ. A tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, èmi àti ọmọ-ọmọ bàbá kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì ń to owó náà ní òkìtì òkìtì.

Òkìtì kìíní ni fàdákà. Ní ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gáńà ti ìgbà náà, Sàró àti Gáḿbíà. Láti ọdún 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè kan àti ṣílè méjì tiwọn ti jáde, fàdákà gidi ni wọ́n sì fi rọ ọ́: nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n, méjìléláàádọ́rùn-ún àti ààbọ̀ jẹ́ fàdákà. Nígbà tí fàdákà di ọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Ọdún 1920 ni àyípadà náà dé. Nítorí náà, èyí tí ọdún 1913 sí 1919 bá wà lára rẹ̀, fàdákà ni. Ti 1920 ń fẹ́ àyẹ̀wò. Èyí tó bá tẹ̀ lé e tó sì pọ́n bí idẹ, idẹ náà ni. Ṣílè àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, tí a ná níhìn-ín ṣáájú ìgbà náà, jẹ́ fàdákà gidi títí di 1919. Láti 1920 sí 1946, ìdajì rẹ̀ péré ni fàdákà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ṣílè kan ti ìgbà náà wọn gíráàmù 5.65. Bí a bá ní ọgọ́ta ṣílè, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 339. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.925, fàdákà tó wà nínú rẹ̀ yóò jẹ́ bí gíráàmù 313 àti ààbọ̀. Ẹ wá béèrè iye tí gíráàmù fàdákà kan ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po. Iye yẹn ni ilẹ̀ tí owó yín kò gbọdọ̀ já sí nísàlẹ̀. Kì í ṣe òrùlé rẹ̀ o. Ilẹ̀ rẹ̀ ni. Alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ yọ́ ọ kò lè san ju ilẹ̀ lọ, nítorí òun náà gbọ́dọ̀ jẹ èrè. Ẹni tó fẹ́ fi owó náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí nìkan ló lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkìtì kejì ni owó oníhò: ọ̀níní, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀, tí a lè fi okùn sín bí owó ẹyọ. Níhìn-ín ni bàbá ti ní ìrètí jù. Ó mú kọ́bọ̀ kan tí ọdún 1936 wà lára rẹ̀, tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ. Ọba yìí kò lò tó ọdún kan lórí oyè: oṣù January 1936 ló jẹ, oṣù December ọdún kan náà ló sì fi oyè sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, owó rẹ̀ kò jáde fún ará ìlú láti ná. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ oníhò kò ní àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ló ní, nítorí náà wọ́n ti rọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ó tó fi oyè sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Ẹ kíyè sí ẹ̀kọ́ yìí: ohun tó lókìkí kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Bákan náà ni kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1959, tọ́rọ́ tó ní òwú lára àti sísì tó ní kòkó lára, tí wọ́n jáde nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n pọ̀ bí iyanrìn etí ọ̀sà.

Ọdún tó wà lára owó náà kò tó ẹ̀rí. Owó fàdákà ńlá kan wà tí àwọn oníṣòwò máa ń ná ní Òkè Ọya láyé àtijọ́, tó ní àwòrán Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Austria. Ọdún 1780 ló wà lára gbogbo wọn, títí kan àwọn tí wọ́n rọ ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Òkìtì kẹta ni àwọn tó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́. Bàbá ní owó Biafra méjì, tọ́rọ́ kan àti ṣílè kan, tí wọ́n fi alumíníọ́mù rọ, tí ọdún 1969 wà lára wọn. Ogun parí ní January 1970, ìnáwó wọn kò pẹ́. Irú èyí làwọn akówójọ ń wá, ayédèrú rẹ̀ sì wà káàkiri, nítorí náà ó ń fẹ́ ojú ẹni tó mọ̀. Àwọn ṣílè fàdákà kan tún wà tí irun orí ọba ṣì hàn gedegbe lára wọn, bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ wọ́n. Irú wọn kúrò ní ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ tún máa wo lẹ́tà kéékèèké tó wà lábẹ́ ọdún: H ni ilé ìrọwó Heaton, KN ni King's Norton, ní Birmingham méjèèjì. Owó ọdún kan náà lè pọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan, kí ó ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú èkejì.

Òkìtì kẹrin ni náírà àti kọ́bọ̀ onírin tiwa. Níhìn-ín, ẹ dúró díẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ pé ẹni tó bá ń kiri owó náírà, tó ń tà á tàbí tó ń fi ṣòwò, ìbáà ṣe onípépà tàbí onírin, ti rú òfin. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. A kó òkìtì kẹrin padà sínú agolo. Mo sì ní kí bàbá bi lọ́yà léèrè ká tó ta ṣílè ọdún 1959, nítorí Báńkì Àpapọ̀ náà ló gbé e jáde. Bí ẹ bá sì ní owó ẹyọ tàbí ẹ̀gbà idẹ tí àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn ná títí ìjọba fi kó o nílẹ̀ ní 1948 sí 1949, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, nítorí ohun àtijọ́ wa kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ.

Ó ku èèwọ̀ kan: ẹ má fọ owó àtijọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ṣílè kan tí bàbá mi àgbà fún mi, títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé mo ti ha ojú rẹ̀ jẹ́, kò sì sí akówójọ tó lè fẹ́ ẹ mọ́. Àwọ̀ dúdú tí ọjọ́ fi bo fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Aṣọ rẹ̀ ni.

Ó wá kan ọ̀nà títà. Mẹ́rin ni mo rí, oníkálukú ló ní ànfààní àti àléébù tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni alágbẹ̀dẹ. Owó rẹ̀ yá, kò sì sí wàhálà. Ṣùgbọ́n orí òṣùwọ̀n ló mọ. Ó dára fún ṣílè tó ti fá, tí a kò lè ka ọdún rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni oníṣòwò ohun àtijọ́. Òun mọ̀ ju alágbẹ̀dẹ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rà ní pọ́ọ́kú kí ó lè tún un tà. Bí iye kan bá wà nínú ìwé iye owó àtijọ́, ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò kó lé yín lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ra kí ó má baà ṣa ẹran inú ọbẹ̀ kí ó fi omi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá fẹ́ mú èyí tó dára, kí ó kó díẹ̀ mọ́ ọn nínú èyí tó wọ́pọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni gbàǹjo. Àwọn ilé gbàǹjo owó àtijọ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Spink tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1666 jẹ́ ọ̀kan. Níbẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń bá ara wọn du ọjà. Ṣùgbọ́n wọn yóò yọ owó iṣẹ́, owó ìfiránṣẹ́ yóò wà, oṣù púpọ̀ sì lè kọjá kí owó tó dé. Ohun tó bá níye lórí gan-an nìkan ni ó yẹ kí a gbé lọ síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni kí á fi àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí á máa tà á ní ẹyọ ẹyọ. Èyí lè mú owó wá, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù, ibẹ̀ sì ni àwọn gbájúẹ̀ pọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá sọ pé kọ́bọ̀ oníhò yín tó mílíọ̀nù náírà, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ sá. Ẹni tó fẹ́ rajà kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó rí owó gbà. Ẹ má pe àjèjì wá sílé. Inú báńkì ni kí ẹ ti pàdé, kí ọmọ yín sì wà níbẹ̀.

Kí ni bàbá ṣe? Ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ gbogbo owó náà sínú ìwé: ọdún, orúkọ ọba, lẹ́tà, bí ojú rẹ̀ ti rí. Ó fi ìwé náà han ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ kí ẹnì kan mọ iye tí èkejì pè. Èyí tó pè é kéré jù àti èyí tó pè é pọ̀ jù jìnnà síra wọn bí Bàríga sí Badagry. Ó ta fàdákà tó ti fá fún alágbẹ̀dẹ, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò sílẹ̀. Ó ta owó Biafra, àwọn fàdákà tó dára àti ọ̀pọ̀ owó oníhò fún akówójọ kan lápapọ̀. Kò gbé e lọ sí gbàǹjo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó rí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Mo bi í ní ìdí. Ó ní, "Tíṣà, ojú mi kò lè dúró de Lọ́ńdọ̀nù."

Ó tọ̀nà. Iye tó dára jù lọ kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù nìkan. Èyí tó dé nígbà tí a nílò rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá kánjú lè dúró.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Bàbá mú kọ́bọ̀ 1936 tó fi pamọ́, ó gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, ó ka ọdún rẹ̀ sókè fún wa láìlo awò. Ti ojú òsì ló kù, owó rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí bàbá tàbí ìyá yín àgbà bá ní irú agolo bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n nísinsìnyí tí ẹnu wọn ṣì lè ròyìn rẹ̀. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Títí a ó fi tún pàdé, ó dìgbóṣe.