Kirk àti Spock ní èdè Yorùbá: ta ni yóò sọ "ẹ" fún ta ni?

Ní ìparí ìtàn tí wọ́n pè ní "Amok Time", tó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, Spock gbà pé òun ti fi ọwọ́ ara òun pa ọ̀gá òun. Ó padà sínú ọkọ̀ Enterprise, ó ti múra tán láti gba ìjìyà. Àfi bó ṣe rí Kirk tó dúró láàyè. Spock tí kì í rẹ́rìn-ín gbá a lápá mú, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀, ó sì ké pe orúkọ rẹ̀: Jim. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Jim ni. Lẹ́yìn náà ojú tì í, ó sì tún ojú rẹ̀ ṣe bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn yìí fún màmá yín ní Padova, tàbí fún àbúrò bàbá yín tó wá kí yín ní Torino, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ á ti há sí yín lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ní "you" kan ṣoṣo fún ọba àti fún ọmọ ọwọ́. Èdè Ítálì ní "tu" àti "lei". Yorùbá ní "o" àti "ẹ". Kí Spock tó lanu, ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu èyí tó máa lò. Ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kí Spock yí i padà ti mọ ohun tí àwọn ènìyàn rí lára ọkùnrin méjì yìí láti ọdún tó lé ní 50.

Fún ẹni tí kò tíì wo eré náà: Gene Roddenberry ló dá Star Trek sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, ó sì parí ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, lẹ́yìn ìtàn 79. James T. Kirk, tí William Shatner ṣe, ni ọ̀gá ọkọ̀ Enterprise tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Spock, tí Leonard Nimoy ṣe, ni igbákejì rẹ̀. Bàbá Spock jẹ́ ará Vulcan, níbi tí wọ́n ti ń fi làákàyè ṣe ohun gbogbo, tí wọ́n sì ń bo ohun tó ń ṣe wọ́n lọ́kàn mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá láti ayé tiwa. Àwọn ará Vulcan ń wò ó bí ọmọ ayé, àwọn ọmọ ayé sì ń wò ó bí ará Vulcan. Mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn pẹ́ fún ẹni tí wọ́n bí sí Torino tó ń jẹ́ Ayọ̀délé.

Ọdún 1967 kan náà ni Spockanalia jáde, fanzine àkọ́kọ́ lórí Star Trek. Fanzine ni ìwé tí àwọn olólùfẹ́ eré fúnra wọn kọ, tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn nílé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Ní ọdún 1974, nínú fanzine tó ń jẹ́ Grup, obìnrin kan tó ń jẹ́ Diane Marchant tẹ ìtàn kúkúrú kan jáde, "A Fragment Out of Time". Òun ni wọ́n kà sí ìtàn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde tó fi Kirk àti Spock hàn bí olólùfẹ́ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀. Bí àkókò ti ń lọ, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì báyìí: K/S. Ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní slash, ló di orúkọ gbogbo ìtàn irú rẹ̀ lónìí, ì báà jẹ́ ti eré mìíràn. Tí wọ́n bá kọ K&S, ìtàn ọ̀rẹ́ ni. Àmì kékeré kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tó di ọdún 1979, fíìmù àkọ́kọ́ jáde, Roddenberry fúnra rẹ̀ sì kọ ìtàn fíìmù náà bí ìwé. Níbẹ̀ ni ó ti fún Spock ní ọ̀rọ̀ Vulcan kan fún Kirk: t'hy'la. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé sọ pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ arákùnrin, ó sì lè jẹ́ olólùfẹ́. Nínú àlàyé kan náà, Kirk fi àwàdà dáhùn àhesọ tí wọ́n ń sọ nípa àwọn méjèèjì. Ẹni tó rí ọ̀rẹ́ nínú rẹ̀ rí tirẹ̀ mú, ẹni tó rí ìfẹ́ náà rí tirẹ̀ mú.

Báwo la ṣe máa wá túmọ̀ t'hy'la? Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan tó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó sún mọ́ ọn ju "ọ̀rẹ́" lásán lọ. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni ẹni tí kò lè sùn tí kò bá tíì rí yín. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́: kò rí, kò sùn. Ìmùlẹ̀ ni ẹni tí ẹ jọ bura pé ẹ kò ní da ara yín. Ọmọ ìyá sì wúwo ju arákùnrin lọ, nítorí ó ń sọ pé inú kan ló bí yín. Ẹ kíyè sí i pé "fratello" kò sọ ẹni tó dàgbà jù, ṣùgbọ́n nínú ilé Yorùbá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò la sábà máa ń sọ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọmọ ìyá nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ní tèmi, kòríkòsùn ni mo máa mú. Ọ̀rẹ́ la máa ń lò ó fún jù, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìfẹ́. Tí a bá lo ìmùlẹ̀, fíìmù ọdún 1982 ló yẹ, níbi tí Spock ti wọ inú yàrá tó kún fún ìtànṣán olóró kó lè gba ọkọ̀ là, tó sì kú tí gíláàsì wà láàárín òun àti Kirk.

Olólùfẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹni tó ń fẹ́ ènìyàn àti fún ẹni tó fẹ́ràn eré tàbí olórin. "Olólùfẹ́ Spock" lè jẹ́ Kirk, ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé kan ní Padova tó lẹ àwòrán Spock mọ́ ògiri. Ẹ sọ "olólùfẹ́ eré Star Trek" tó bá jẹ́ ti ọmọ ilé ìwé yẹn lẹ ní lọ́kàn.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fẹ́ àti fẹ́ràn. "Spock fẹ́ràn Kirk" kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. "Spock fẹ́ Kirk" túmọ̀ sí pé ó fẹ́ ẹ sílé. Ẹni tó bá gbé "ti voglio bene" wọ inú Yorùbá pẹ̀lú "mo fẹ́ ẹ" fún àbúrò rẹ̀ á rí bí gbogbo ilé á ṣe dákẹ́. Tí màmá bá sì bi yín pé kí ni àwọn ọkùnrin méjì yìí jẹ́ síra wọn, ẹ lè dáhùn láìparọ́, láìjà: "Àwọn kan kà wọ́n sí ọ̀rẹ́ kòríkòsùn, àwọn mìíràn gbà pé wọ́n ń fẹ́ra." Ẹ má lo tọkọtaya, torí ọkọ àti aya ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè kejì tẹ̀lé e, kó má sì rọrùn bíi ti àkọ́kọ́. Ó kéré tán, kì í ṣe àìmọ èdè ló máa dá yín dúró.

Ká padà sórí "o" àti "ẹ". Ìtàn fi ìbí Spock sí ọdún 2230, ó sì fi ti Kirk sí 2233. Ọdún 3 ni Spock fi jù ú lọ. Nínú ilé, ìyẹn ti tó kí Kirk máa sọ "ẹ" fún un, kó má sì pe orúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n Kirk ni ọ̀gá ọkọ̀, níbi iṣẹ́ sì rèé, ipò sábà máa ń borí ọjọ́ orí. Nítorí náà Spock á máa sọ "ẹ" fún Kirk. Tó bá tilẹ̀ ń bá dókítà McCoy sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, "wọ́n" ló máa lò: "Ọ̀gá ti dé, wọ́n ń bọ̀." Ní ti Kirk, mo rò pé á sọ "ẹ" fún Spock níwájú àwọn òṣìṣẹ́, torí Spock náà ní ipò, á sì sọ "o" fún un nígbà tí àwọn méjèèjì bá jókòó síbi ayò chess wọn. (Àwọn òṣèré fúnra wọn ńkọ́? Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1931 ni wọ́n bí Shatner, ọjọ́ 26 oṣù kan náà ni wọ́n bí Nimoy. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá ọjọ́ 4 tó sọ ènìyàn di ẹ̀gbọ́n.)

Ibi tí "tu" ti ń tan àwọn tó dàgbà ní Ítálì jẹ rèé. Ọmọ ń sọ "tu" fún mamma àti nonna láìsí ìṣòro, olùkọ́ ló ń sọ "lei" fún. Ní Yorùbá, màmá wà lára àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ "ẹ" lẹ́nu yín. "Ṣé o ti jẹun?" jẹ́ ìbéèrè dáadáa fún àbúrò, ó sì jẹ́ àrífín sí màmá. Torí náà "o" kì í ṣe àmì ìfẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń sọ "ẹ" fún ọkọ tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ gan-an. Ohun tí "o" ń sọ láàárín àgbàlagbà méjì ni pé ẹgbẹ́ ni wá. Nígbà tí Spock bá sì ké pe "Jim", ẹgbẹ́ ló sọ ara rẹ̀ dà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ojú fi tì í. Nínú Yorùbá, gbólóhùn tó bá tẹ̀lé "Jim" yẹn gbọ́dọ̀ ní "o" nínú. Èyí tó bá tẹ̀lé ìtìjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí "ẹ".

Ohun kan wà tí Yorùbá fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn nípa ọkùnrin méjì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "he" méjì á máa kọlu ara wọn, títí òǹkọ̀wé á fi máa kọ "ará Vulcan náà" àti "ọ̀gá ọkọ̀ náà" ní gbogbo ìlà. Ní èdè Ítálì, "Spock dice che morirà" kò sọ ẹni tó máa kú. Yorùbá ní òun. "Spock sọ pé òun máa kú": Spock ló máa kú. "Spock sọ pé ó máa kú": ẹlòmíràn ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kirk. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá di méjì nínú gbólóhùn kan, bíi "Kirk mọ̀ pé Spock rò pé òun ti kú", òun náà á dojú rú. Ẹ dárúkọ nígbà náà.

Ibo lẹ ti lè rí nǹkan kà? Fanlore kó ìtàn àwọn fanzine wọ̀nyí jọ, Archive of Our Own ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn tí wọ́n ń kọ lónìí, Memory Alpha sì ní ẹ̀ka èdè Ítálì fún ọjọ́ àti orúkọ. Ní Torino, MUFANT ni ilé mùsíọ́mù ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní apá àríwá ìlú. Alberto Lisiero àti Gabriella Cordone ló dá ẹgbẹ́ Star Trek Italian Club sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, Bellaria létí òkun ni wọ́n sì ti ṣe àpéjọ Sticcon wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin ará Padova ní tiyín lọ́tọ̀. Ìlú yín ni Galileo ti ń kọ́ni láti 1592 sí 1610, ibẹ̀ ló sì ti rí àwọn òṣùpá Júpítà ní oṣù Kìíní ọdún 1610. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún ọkọ̀ kékeré inú "The Galileo Seven", ìtàn tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1967. Spock àti àwọn mẹ́fà mìíràn sọnù nínú ọkọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń ni Kirk lára pé kí wọ́n máa lọ, Kirk sì ń wá gbogbo ọ̀nà láti pẹ́ sí i níbẹ̀. Ẹ lè fi í dánra wò: ẹ sọ ìtàn náà ní Yorùbá, kí ẹ wo iye ìgbà tí Kirk á sọ "ẹ" fún òṣìṣẹ́ yẹn tí inú sì ń bí i.

Ẹ̀kọ́ tó le jù wà nínú fíìmù ọdún 1984. Spock ti jí dìde, kò rántí nǹkan kan. Ó ń wo ojú Kirk, ó ń wá orúkọ, títí ó fi rí i pé Jim ni. Ṣé "Jim ni orúkọ yín" ló máa sọ, tàbí "Jim ni orúkọ rẹ"? Èmi á mú èkejì, torí kò tíì rántí pé ẹni tó ń wò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ohùn "rẹ" yẹn o: tí ẹ bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, tó di "orúkọ rẹ̀", ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ ni Spock ń sọ nípa rẹ̀, Kirk á sì ní láti máa dúró.