Bí Ilé Iṣẹ́ Tó Ṣe Káàdì Bá Kọ̀ Ọ́ Sílẹ̀, Ta Ni Yóò Tọ́jú Rẹ̀?

Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí òpópónà Ìmàlefàlàáfíà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune wà. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹlòmíì ti lò ó gbó lókè òkun, ìgbà tó bá sì dé ọwọ́ wa ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń sọ pé òun ò dá sí irú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kóòdù gbangba, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà kó sì tún ṣe, tí wọ́n ń pè ní open source, fi ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n fi káàdì GPU ṣe àpẹẹrẹ. CPU ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbogbòò inú kọ̀ǹpútà. Ó yára, àmọ́ iṣẹ́ mélòó kan péré ló lè dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní àpò ẹ̀wà kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ ṣà. Ìyá àgbà kan lè dá a ṣà kó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá jókòó, tí kálukú bu tirẹ̀ sórí àwo, kíá ni wọn yóò parí. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì GPU ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwòrán géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n ìṣirò kéékèèké tó pọ̀ lọ jàra, tó ṣeé pín ṣe, ló kún inú AI. Ohun tó sọ GPU di ọ̀wọ́n gógó nìyẹn.

Káàdì kì í dá ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ kóòdù tí a kọ di àṣẹ tó yé e. Ní 2007, ilé iṣẹ́ NVIDIA tó ń ṣe káàdì gbé irinṣẹ́ CUDA jáde, òun ló sì gbalẹ̀ jù títí dòní. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ káàdì NVIDIA ni wọ́n ṣe é fún, èyí tó pọ̀ nínú kóòdù rẹ̀ kò sì sí ní gbangba. Ohun ọ̀fẹ́ tí wọ́n tì pa, bó bá bàjẹ́, ẹni tó ni ín nìkan ló lè tún un ṣe. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó ṣí. Ẹgbẹ́ Khronos gbé ìlànà OpenCL jáde ní ìparí 2008 kí káàdì oríṣiríṣi lè gbọ́ kóòdù kan náà, wọ́n sì gbé Vulkan jáde ní 2016. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ AMD, tóun náà ń ṣe káàdì, gbé irinṣẹ́ tirẹ̀, ROCm, síta tòun ti kóòdù rẹ̀. Ní 2022, NVIDIA fúnra rẹ̀ ṣí kóòdù apá kan draifà rẹ̀ (ètò tó ń so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà) fún Linux, ètò gbangba tó ń darí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Yorùbá kan wà nídìí iṣẹ́ ṣípù àti kóòdù gbangba tó yẹ kí gbogbo ilé ìwé wa mọ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti Yunifásítì Stanford. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Afara, ni ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun rà ní 2002. Ibẹ̀ ni ṣípù Niagara ti wá, èyí tó jáde ní 2005 pẹ̀lú ọpọlọ mẹ́jọ nínú ṣípù kan. Ní 2006, Sun fi àwòrán iṣẹ́ ṣípù náà sí gbangba, wọ́n pè é ní OpenSPARC. Ní 2018, Olukotun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èdè Spatial jáde, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Spatial ń mú kó rọrùn láti kọ iṣẹ́ fún ṣípù bíi FPGA, tí ènìyàn lè tún ìsopọ̀ inú rẹ̀ tò lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́.

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé káàdì tòkunbọ̀ wá bá mi. Ó fẹ́ fi lo AI nílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà ti yọ irú rẹ̀ kúrò.

“Ọ̀gá, ṣé ó ti kú ni, sà?”

Mo ní kò kú. Mo gbọn eruku inú fáànù, mo nu ìpara tó ti gbẹ lórí ṣípù, mo fi tuntun sí i. A gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà. Draifà Mesa, tí Brian Paul bẹ̀rẹ̀ ní 1993 tí ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ń tọ́jú, dá káàdì náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. A gba kóòdù llama.cpp, ètò tó ń jẹ́ kí AI ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni, tí Georgi Gerganov ọmọ Bulgaria gbé síta ní 2023, a tẹ cmake -B build -DGGML_VULKAN=ON kó lè gba ọ̀nà Vulkan lo káàdì náà, a sì ní kó to ètò náà pọ̀. Nígbà tí a ṣí i, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìdáhùn sì ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kóòdù gbangba kì í sọ káàdì ogbó di tuntun. Ìrántí GB mẹ́jọ inú káàdì yẹn kò lè gba AI ńlá, ó sì ń jẹ iná. Ohun tó ṣe ni pé ó gba ìdájọ́ ikú káàdì náà kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Mo bẹ àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún ilé ìwé wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé irinṣẹ́ tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ lè ṣiṣẹ́ lórí káàdì ilé iṣẹ́ mìíràn? Ṣé àwọn ọmọ lè ṣí kóòdù rẹ̀ kà? Bí ẹni tó ṣe é bá jáwọ́, ṣé ẹlòmíì lè máa bá a lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá òmíràn, nítorí àwa la óò ṣì máa lo ẹ̀rọ náà nígbà tí ẹni tó ṣe é bá ti jáwọ́.