Nígbà Tí Ọ̀nà Bá Dí Mọ́ Onígbàgbọ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa tí a ń gbé ní Ìyànà Ìbà, Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, nítorí pé ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹnìkan lè jáde nílé ní agogo márùn-ún ìdájí, kí ó ní in lọ́kàn pé òun yóò dé Mile 2 kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá a dúró sí Volks títí oòrùn yóò fi gun orí.

Ìdíwọ́ ọjọ́ kan ṣe é gbàgbé. Èyí tí ó le ni èyí tí ó ń yí ìgbé ayé ìdílé padà. Àwọn àgbà àdúgbò wa ṣì rántí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen ní ọdún 1975, èyí tí bọ́sítọ́ọ̀pù Volks gba orúkọ lára rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ baálé ilé. Ní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé iṣẹ́ mímú ọ̀nà wa fẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa lọ láti Okokomaiko dé Marina. Ìdàgbàsókè ni, a kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà yóò gbà ni ó mọ bí ó ti rí lára òun. Ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Marina dé Mile 2. Kí ìyẹn tó dé, ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Ẹni tí ó jẹ́ pé ohun tí ó bá pa lóòjọ́ ni yóò jẹ kò rí ibi lọ. Ilé ìsìn pàápàá di títì.

A kò tíì ka ti àìsàn tí kò kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, tàbí ti ikú tí ó mú ọ̀dọ́ lọ tí ó fi arúgbó sílẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ará sì máa ń bi wá nìyí: kí ni onígbàgbọ́ yóò ṣe nígbà tí ọ̀nà bá dí mọ́ ọn lójijì, tí ó gbàdúrà tí kò sì tíì ṣí?

ÀWỌN TÍ Ọ̀NÀ DÍ MỌ́ NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọ̀nà wa yìí kan náà dé Àgbádárìgì, nítorí ìdáhùn kan wà níbẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ 17, oṣù kínní, ọdún 1845, àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ilẹ̀ Sàró. Lára wọn ni Àlùfáà Henry Townsend, Àlùfáà C. A. Gollmer àti Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, pẹ̀lú àwọn aya wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti gba Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ ní ọdún 1843. Ohun gbogbo ti tò.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè gbéra, ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀nà dí pátápátá, nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n sì fi wà ní Àgbádárìgì. Ní ọdún 1845 yẹn náà ni ikú mú aya Gollmer lọ.

Wọn kò padà sí Sàró, wọn kò sì káwọ́ gbera. Wọ́n wàásù fún àwọn ará ìlú tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n kọ́lé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn tí àwọn ènìyàn ṣì ń lọ wò ní Àgbádárìgì, ọdún 1845 yẹn gan-an ni wọ́n parí rẹ̀. Ibi tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tí ojú ṣì ń rí lónìí.

ỌMỌ TÍ WỌ́N FI PÀÀRỌ̀ ẸṢIN

Ọ̀kan nínú wọn wà tí ìdádúró kì í ṣe tuntun sí. Ní ọdún 1821, nígbà tí Àjàyí jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá, ogun kó ìlú wọn, Òṣoògùn, wọ́n sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà pé ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé òun gbìyànjú lóru, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, láti gba ẹ̀mí ara òun, ṣùgbọ́n àyà òun kò gbé e.

Wọ́n mú un dé Èkó, wọ́n sì tà á fún àwọn ará Potogí. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti mọ Olúwa. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, ó sì di àlùfáà ní ọdún 1843.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí ní ọdún 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí ó ti bọ́ nínú oko ẹrú, wá a wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò fi fojú kan ara wọn! Ẹsẹ Bíbélì tí ó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú ìwé tí ó ń kà lójoojúmọ́ ni ibi tí Dáfídì ti sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ ọmọ aláìníbaba, nínú Orin Dáfídì 10:14. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

OHUN TÍ ÌGBÀGBỌ́ KÒ ṢÈLÉRÍ

Ẹ̀yin ará, bí a bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀ yẹn, a ó pariwo Halelúyà, ṣùgbọ́n a kò ní tíì sọ òtítọ́ tán. Crowther rí ìyá rẹ̀. Aya Gollmer kò rí Abẹ́òkúta. Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń sìn. Crowther fúnra rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tí a ń kà. Síbẹ̀, ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó dojú ìjà kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìhà odò Ọya, wọ́n sì fi àbùkù kàn án. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú, kò sì sẹ́ Olúwa rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbàgbọ́ kì í ṣe àdéhùn pé wàhálà kò ní dé, tàbí pé bí ó bá ti dé lẹ́ẹ̀kan kò ní dé mọ́. Hébérù orí 11 ka àwọn tí Ọlọ́run gbà sílẹ̀, ó sì ka àwọn tí a nà tí a sì dè, gbogbo wọn nínú orí kan náà. Àwọn ọ̀rẹ́ Dáníẹ́lì mẹ́ta sọ fún ọba pé Ọlọ́run lè gba àwọn. Wọ́n ní bí kò bá tilẹ̀ ṣe é, àwọn kò ní forí balẹ̀ fún ère. Ìgbàgbọ́ tí ó dàgbà nìyẹn. Ó mọ agbára Ọlọ́run, kò sì fi í du Ọlọ́run.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍGBÀ TÍ Ọ̀NÀ KÒ TÍÌ ṢÍ

Èkíní, ẹ sọ òtítọ́ fún Ọlọ́run. Èlíjà wí fún Olúwa pé ó ti sú òun, kí ó gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó sì rán áńgẹ́lì sí i pẹ̀lú oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á ní 1 Àwọn Ọba 19. Bí èrò bẹ́ẹ̀ bá ń wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ó má ṣe dá a gbé. Kí ó sọ fún ọkọ tàbí aya, fún pásítọ̀, fún dókítà, lónìí kí ó tó di ọ̀la.

Èkejì, ẹ má ṣe fi wàhálà wá ọ̀tá kiri. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, àwọn kan á máa ti ọ̀dọ̀ wòlíì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, títí wọn yóò fi dárúkọ ìyá ọkọ tàbí ará ilé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nípa afọ́jú nínú Jòhánù orí 9 pé ta ni ó dẹ́ṣẹ̀. Olúwa kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kò dá àwọn òbí rẹ̀ lẹ́bi. Ìdílé tí ìyà ń jẹ kò ní agbára tí yóò fi bá ara rẹ̀ jà.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ lè fi tábìlì kékeré bẹ̀rẹ̀ títí Olúwa yóò fi ṣe ọ̀nà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó gbàdúrà, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn; Lúùkù tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ràn, oníṣègùn ni. Kí tọkọtaya má ṣe fi gbèsè pamọ́ fún ara wọn. Kí a jókòó ti àwọn ọmọ, kí a ṣàlàyé fún wọn bí agbára wọn ti mọ, kí pẹpẹ àdúrà ilé má sì ṣe kú, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÌJỌ

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni nǹkan bàjẹ́. Bí a bá gbọ́ pé nǹkan ṣe arákùnrin kan, kí a má ṣe kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. Ìpè lórí fóònù dára, ṣùgbọ́n kóńgò ìrẹsì méjì àti owó ọkọ̀ tí ọmọ yóò fi lọ sí ilé ìwé ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Gàlátíà 6:2 pàṣẹ pé kí a máa ran ara wa lẹ́rù. Ẹni tí ìyà ń jẹ lè má ní okun láti gbàdúrà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí ìgbàgbọ́ àwa yòókù máa gbé e títí tirẹ̀ yóò fi tún dìde.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà ní Àgbádárìgì tiwa, Abẹ́òkúta kò tíì yọ lókèèrè. Ẹ má ṣe padà sẹ́yìn. Kí Olúwa tí ó pa Àjàyí mọ́ nínú oko ẹrú pa ilé yín mọ́. Kí ó fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ní ìtùnú, kí ó fún ẹni tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ kí a bá ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí ọ̀nà bá ṣí, àti kí ó tó ṣí, ní orúkọ Jésù. Àmín.