Àpò àṣẹ́kù aṣọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: Bí a ṣe lè parí kúílìtì tó ti pẹ́ nílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Peckham, àpò ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí àṣẹ́kù aṣọ ẹbí kún inú rẹ̀. Nígbà míì, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi rán aṣọ ìbora, ó rán an dé ìdajì, ó sì gbé e tì. Lọ́sẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe lè padà sídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí kò fi yẹ ká fi falẹ̀ mọ́.

Aṣọ pọ̀ ní Rye Lane

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Peckham Rye, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1865, Rye Lane ló máa bọ́ sí. Láyé àtijọ́, Jones & Higgins ni gbajúmọ̀ ilé ìtajà ibẹ̀. Ọdún 1867 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì kógbá sílé lọ́dún 1980. Lónìí, iṣu, ata rodo, pọ̀ǹmọ́ àti ẹja gbígbẹ ni ojú ń rí, pẹ̀lú ilé onídìrí àti ìsọ̀ aláṣọ tí ankárá, léèsì àti gèlè kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń pe àdúgbò náà ní Èkó kékeré.

Yáàdì mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ta ankárá. Bí télọ̀ bá gé ìró àti bùbá tàbí gáùn tán, díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù. Àwọn ìyá wa kì í da èyí tó ṣẹ́ kù nù. Wọ́n á ká a, wọ́n á kó o sínú àpò. Ìgbéyàwó àbúrò, ìsìnkú ìyá àgbà, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí 50 ọdún: kò sí èyí tí kò ní aṣọ tirẹ̀ nínú àpò náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí ṣàlàyé. Àmọ́ nínú àpò yìí, bí òwe náà ṣe rí gan-an nìyẹn. A lè lọ sí Rye Lane lónìí ká ra ankárá tuntun ju ti Mọ́mì lọ. A ò lè ra aṣọ ìsìnkú ọdún 1994.

Ibo ni iṣẹ́ náà ti ń há?

Aṣọ ìbora onípele mẹ́ta ni kúílìtì. Ti òkè ni àwọn aṣọ kéékèèké tí wọ́n rán pọ̀. Ti àárín ni òwú tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ló ń mú ooru. Ti ìsàlẹ̀ ni odindi aṣọ kan tó gba ẹ̀yìn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí wọ́n lè di ọ̀kan, wọ́n á sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ká etí rẹ̀ yípo.

Ibi mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dúró. Èkíní, aṣọ kan tán kí iṣẹ́ tó parí, wọn kò sì tẹ irú rẹ̀ mọ́. Èkejì, ti òkè ti parí, àmọ́ títo ipele mẹ́ta lé ara wọn ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa, ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní London kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, igun kan kò bá ara mu, ọkàn ẹni tó ń rán an sì kúrò níbẹ̀. Bí ọkàn bá ti kúrò níbẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ti onítọ̀hún. Kò ní fẹ́ rí àpò náà mọ́, ọdún mẹ́wàá á sì kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ọ̀lẹ ló fà á. A ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró ni pé a gbà pé aṣọ gbọ́dọ̀ parí, kó sì dára láìkù síbì kan, kó tó lè wúlò. Yorùbá ní aṣọ kan tó já irọ́ yẹn.

Aṣọ tí wọn kì í parí

Lọ́dún 2019, Brooklyn Museum ní New York pàtẹ aṣọ eégún kan ṣoṣo fún oṣù bíi mẹ́fà. One: Egúngún ni wọ́n pe ìpàtẹ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni aṣọ náà ti wá, ní agbo ilé Lekewọgbẹ, láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1948 ni wọ́n sì ṣe é. Oríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300. Àwọn kan wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn míì láti Yúróòpù àti Éṣíà.

Bí irú aṣọ eégún bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà nìyí. Ìdílé á mú aṣọ wá, wọ́n á gé e gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n á ṣe etí rẹ̀ ṣónṣó ṣónṣó bí eyín ayùn, wọ́n á sì gbé e lé èyí tó ti wà níbẹ̀. Bí ọdún bá yí po, wọ́n lè tún fi òmíràn kún un. Èyí tó ti gbó kì í sábà kúrò, tuntun ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí eégún bá ń jó, tó ń yí bírí bírí, aṣọ á fò sókè, àwọn tó wà nítòsí á sì gba atẹ́gùn ìbùkún tó ń jáde lára rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ kúílìtì di eégún o. Eégún ní awo tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó ni ín. Ẹ̀kọ́ tó wà lára aṣọ rẹ̀ là ń sọ. Wọn kò retí pé kí ẹnì kan ṣoṣo parí rẹ̀. Bí aṣọ kan bá tán, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Èyí tó gbó kò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń wo kúílìtì tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè fi ojú yẹn wò ó: kò tíì kú, ẹni tó máa fi kún un ló ń dúró dè.

Ohun tí àwọn ìyá Amẹ́ríkà mọ̀

Àwọn ẹ̀yà wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà náà mọ iṣẹ́ yìí. Ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn obìnrin ń fi aṣọ oko tó ti gbó rán kúílìtì kí òtútù má bàa pa àwọn ọmọ wọn. Lọ́dún 1942, lẹ́yìn tí ọkọ Missouri Pettway kú, ó kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ, ó sì fi rán kúílìtì tí á máa bo ara rẹ̀, kó má bàa gbàgbé ọkọ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí nígbà tó yá. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé kúílìtì àwọn obìnrin Gee's Bend lọ sí Whitney Museum ní New York, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi wọ́n ṣe sítáǹbù lọ́dún 2006.

Faith Ringgold, ayàwòrán láti Harlem tó kú lọ́dún 2024, rán kúílìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, Echoes of Harlem, lọ́dún 1980 pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Willi Posey, tó jẹ́ aránṣọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìyá náà kú. Ká ní wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú ni, àwọn méjèèjì kì bá tí rán an pọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Báwo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣe lè ráyè? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ẹni tó bá ń rán aṣọ fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà, ti ṣe wákàtí kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọdún kan, ó di wákàtí 78.

Ẹ tún wò ó báyìí. Bí ẹ bá gé aṣọ sí ìgun mẹ́rin tó jẹ́ ínṣì mẹ́rin ààbọ̀, tí ẹ sì rán an pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́sàn-án á di ẹyọ kan tó fẹ̀ ní ínṣì 12 lẹ́yìn tí ojú rírán bá ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ọgbọ̀n irú rẹ̀, márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní gígùn, á bo bẹ́ẹ̀dì kékeré. Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan, oṣù méje lẹ parí ti òkè.

Kí ẹ tó rán ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tú àpò náà. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ohun kan ṣoṣo tó kàn sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ “parí kúílìtì”. Ẹ kọ “gé aṣọ búlúù mẹ́wàá” tàbí “lọ aṣọ ẹ̀yìn”. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹyọ kan péré, èyí tó sún mọ́ òpin jù, kí ẹ gbé àwọn yòókù tì. Èyí tó bá kọ́kọ́ parí á fún yín lágbára láti mú èkejì.

Ẹ máa dúró níbi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 bá ti pé, ẹ fi òwú sójú abẹ́rẹ́ de ọ̀la, kí ẹ tẹ́ aṣọ méjì tó kàn lé ara wọn. Ẹni tó bá ní láti wá abẹ́rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, fóònù ló máa gbé dípò rẹ̀.

Ẹ mọ irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín. Òwú ni ankárá tó dára, ó rọrùn láti rán, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó lè sún kì kó tó di kúílìtì. Àdìrẹ máa ń rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ òkè nípọn, etí rẹ̀ sì máa ń tú, léèsì ní ihò. Ẹ lọ aṣọ tó ń lẹ̀, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní gum stay, mọ́ ẹ̀yìn wọn kí ẹ tó gé wọn.

Bí ilé kò bá fẹ̀ tó láti to ipele mẹ́ta pọ̀, ẹ béèrè gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé àdúgbò fún ọ̀sán kan. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin ni títo aṣọ. Bí igun kan kò bá sì bá ara mu, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òtútù ń mú kì í wọn igun.

Aṣọ ta nìyí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí wọ́n bí síbí gbọ̀ngbọ̀n rèé. Àwọn òbí tó dé London ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1999 ti ń dàgbà. Àwọn kan ti padà sílé, àwọn kan ti papò dà. Bí àgbà bá lọ, ọjọ́ mélòó kan péré làwọn ọmọ sábà máa ń ní láti kó ilé rẹ̀ jáde. Góòlù á rí ẹni mú un. Fọ́tò á rí ẹni mú un. Àpò aṣọ á lọ sí ṣọ́ọ̀bù charity, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.

Aṣọ kò lẹ́nu. Orúkọ tó wà lára rẹ̀, inú ẹni tó ni ín nìkan ló wà. Nítorí náà, kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ, ẹ jókòó ti Mọ́mì tàbí Màmá àgbà, kí ẹ máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ ta nìyí? Ọdún wo lẹ wọ̀ ọ́? Ta ló yan àwọ̀ yìí?” Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ayẹyẹ náà sórí pépà kékeré, kí ẹ fi pín-ìnnì há a mọ́ aṣọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé Yorùbá wa kò dán mọ́rán, pé a ò mọ ohun tí a máa bá àwọn àgbà sọ. Aṣọ á sọ ọ́ fún wa. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, ìdáhùn rẹ̀ á sì gbà tó wákàtí kan. Ẹ á gbọ́ orúkọ ìbátan tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ á gbọ́ ìjà tó parí àti èyí tí kò parí. Bí ẹ bá wá ń rán an nígbà tó yá, ẹ á mọ ẹni tí ẹ ń rán mọ́ ẹni.

Peckham ti ṣe irú rẹ̀ rí

Nígbà rògbòdìyàn oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Poundland ní Rye Lane, wọ́n sì fi pákó dí i. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ pépà pélébé pélébé mọ́ pákó náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó fẹ́ràn nípa Peckham, títí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fi bo pákó náà. Wọn kò da àwọn pépà náà nù. Wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n sì fi àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn ṣe ògiri àlàáfíà ní Peckham Square.

Kò sẹ́ni tó jókòó ṣètò gbogbo ọ̀rọ̀ ara pákó yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan lẹ ọ̀kan, ẹlòmíì lẹ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúílìtì inú ilé wa. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí ẹyọ kan ṣoṣo kún un, tí a sì mọ orúkọ ẹni tó wọ aṣọ rẹ̀, iṣẹ́ ti sún síwájú nìyẹn. Ẹyọ tó kù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ni ín.